Àgbọn Kan fún Ọmọ Kan

Òdìkejì Ọ̀sà,
Àgbádárìgì.
9 Nòfẹ́ńbà, 1954.

Ọlálẹ́yẹ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ gun ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ tí o kò kó sómi, òun náà ni kò ní jẹ́ kí Ìbàdàn gbé ọ mì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, mo ti ta akọ.

Ọ̀gá rẹ tí o ń bá ṣiṣẹ́, Purofẹ́sọ̀ Dúrósinmí, dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti rò pé irùngbọ̀n wọn yóò kan àyà, àfi bí mo ṣe rí wọn nínú ṣòkòtò péńpé. Jọ̀ọ́ bá mi wádìí ohun kan. O ní wọ́n gbọ́n ju gbogbo olùkọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, wọn kò sọ nǹkan kan tí wọ́n mọ̀ fún wa, ìbéèrè ṣáá ni. Ta ló ń wa àwọn ọmọ kọjá ọ̀sà? Èló lowó ọkọ̀? Kí ló dé tí ọmọbìnrin kì í fi í lọ? Àánú wọn ṣe mí, mo dáhùn gbogbo rẹ̀, mo sì fún wọn lẹ́ja jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n ní ọmọ mélòó ló wà ní abúlé wa. Ta ni yóò ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Kíá ni àwọn ìyá ti kó ọmọ wọn wọ oko àgbọn lọ, àwọn mìíràn ní nítorí owó orí ni wọ́n ṣe fẹ́ kà wọ́n. Sagbo apẹja tó bímọ bí ẹja sáwá ní òun kò bí rárá. Èmi náà ní Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn. Ọ̀gá rẹ káwọ́ lérí. Wọ́n ní ilé ìwé ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ni káńsù fẹ́ kọ́, ibi tí ọmọ bá pọ̀ sí ni yóò bọ́ sí, bí kò bá sí ọmọ lọ́dọ̀ wa, abúlé Ajara ni yóò gbà á. Ọlálẹ́yẹ, a jẹ́ pé àwọn ọmọ wa yóò ṣì máa kọjá ọ̀sà. O mọ ọmọ tí ọ̀sà yẹn gbà lọ́wọ́ Zinsu aládùúgbò wa.

Ni mo bá pe àwọn ìyá jọ, mo ní òótọ́ ni pé a kì í ka ọmọ, ṣùgbọ́n ta ló ní ká má ka àgbọn? Kí kálukú gbé àgbọn kan kalẹ̀ níwájú ilé mi fún ọmọ kan. Háà, o ò rí òkìtì àgbọn! Fàúsátù gbé èyí tí kò tíì gbó kalẹ̀, ọ̀gá rẹ ní ọmọ wo ló ni èyí, ó fọwọ́ lu ikùn rẹ̀. Bàbá Gbádéyan náà gbé kan dé, wọ́n ní ti ọmọ ta ni, ó ní ti òun fúnra òun ni, pé ìyá òun kò rówó ilé ìwé san láyé ìgbà náà.

Sagbo kó ti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wá, kò mú ti Dosi ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ó ní ta ni yóò máa yan ẹja bí Dosi bá ń lọ ka a, b, d. Mo ní ṣé Dosi kì í ṣe ọmọ ni? Ó fi Ègùn bú mi, ó ní èmi tí mo kàwé, kí ni mo fi ṣe? Mo ní òun ni mo fi mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ ń rẹ́ ẹ jẹ lórí ẹja. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Sagbo yí sẹ́yìn ilé, ó gbé àgbọn wá, èyí tó tóbi jù.

Ọ̀gá rẹ kà á, wọ́n tún un kà, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Wọ́n ní a pọ̀ ju Ajara lọ, àwọn fúnra àwọn ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú káńsù. Mo yọ ti Fàúsátù kúrò kí wọ́n má bàa pè wá ní onírọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi ti Bàbá Gbádéyan sílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é o, ṣùgbọ́n káńsù kò ní rán aṣọ, kò sì ní ra síléètì. Sagbo ní òun ti gbé àgbọn sílẹ̀, ìyókù dọwọ́ mi. Nítorí náà fi pọ́n-ùn kan ránṣẹ́ fún ti Dosi. Má wulẹ̀ sọ pé kò sí, mo ti bèèrè owó oṣù rẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní èyí tí o máa jẹ, yóò sì jẹ́ kó ṣẹ́kù kí o lè fi ránṣẹ́ sílé. Káńsù kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n láti àná ni Sagbo ti ń ṣán igbó ibi tí a fẹ́ kọ́ ilé ìwé sí, ẹnikẹ́ni kò sì rán an.

Èmi ni ìyá rẹ,
Grace Adédìran