Nítorí Bírékà Tó Ń Já Nílé

Omifunfun,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Inúmidùn ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Joshua ọkọ rẹ, mo sì kí Ìdáraolúwa, ọmọ ọmọ mi tí n kò tíì fọwọ́ gbé rí. Ṣé eyín rẹ̀ ti ń hù? Olúwa tó fi í ta yín lọ́rẹ yóò bá yín wò ó, àìsàn kò ní mọ ojúlé yín. Mo ní kí n kọ̀wé dípò kí n pè, nítorí bí mo bá pè, ńṣe lẹ máa ń gbé fóònù sórí tábìlì tí ohùn mi á gba gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti gbogbo ilé. Adédoyin tó ń bọ̀ wá rajà ní Èkó ni yóò bá mi mú un wá fún ọ.

Kòkó so dáadáa, òjò ni kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Mò ń se oúnjẹ fúnra mi, ẹ̀bà mi ti ń jọ ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti bírékà, nǹkan kékeré tó wà lára ògiri pálọ̀, tí iná ń gbà wọlé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń já. Bí wọ́n bá mú iná dé lọ́sàn-án, tí mo tan nǹkan tán, tí mo jókòó, yóò dún pàá, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, nítorí a ti rà á kí o tó lọ sí yunifásítì, mo bá fún un ní ìsinmi ọjọ́ méjì. Nígbà tó tún já, mo pe Gàzálì, oníṣẹ́ iná tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá gáréèjì ní Ore. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i lórí fóònù. Fóònù tèmi kò ní ojú, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì ni, torí náà mo gbé e ti bírékà kí Gàzálì kúkú máa gbọ́ ọ. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, kì í sọ fúnni kó tó já. Ó wá ní ó lè jẹ́ pé ẹrù ló pọ̀ jù fún un.

Ọmọ mi, mo ṣe bó ti wí. Gbogbo àpò kòkó tó wà ní pálọ̀ ni mo kó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì mú agbádá mi kúrò lórí ìṣó tó wà lábẹ́ bírékà. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí ni ẹ̀yìn ń dùn mí. Bírékà ṣì já.

Lọ́jọ́bọ̀, Gàzálì gun ọ̀kadà wá. Ó rí àpò kòkó níta, mo ṣàlàyé fún un, kò rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Ó yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò lára ògiri, ó gbé bírékà sókè, bírékà dúró, kò já. Ó ki rédíò bọ ojú iná, ó dúró. Ó ki tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, ó dúró. Ó bi mí bóyá ó tán, mo ní ó ku fáànù yàrá ìyá rẹ. Bó ti ki ìyẹn bọ̀ ọ́, pàá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n wá wò ó. Èkúté ti jẹ ara wáyà fáànù, wáyà méjì wà ní ìhòòhò, wọ́n ń fẹnu kan ara wọn. Ó ní ara bírékà le, bí kò bá máa já ni, ilé ìbá ti jó.

Ó wá bi mí pé ta ló ń sùn ní yàrá náà. Mo ní ìyá Inúmidùn ni. Ó ní níbo ni màmá wà. Mo ní ó ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Èkó láti ìgbà ọyẹ́. Ó ní, Bàbá, ta wá ni fáànù ń fẹ́ sí? Inúmidùn, bí iná bá ti dé, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń tàn. Rédíò á máa sọ tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ tirẹ̀, fáànù á máa dún ní yàrá ìyá rẹ, èmi á wà ní pálọ̀, á máa ṣe mí bí ẹni pé ó sùn lọ́sàn-án ni. Má ka ibi yìí sí i létí.

Gàzálì gé ibi tó bàjẹ́, ó so wáyà náà pọ̀, ó fi téépù wé e, ó lọ. Bírékà kò já mọ́. Lánàá, mo fi ìka ara mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo sì pe Gàzálì pé ó tún ti já. Ó wá. Ó wo bírékà, ó wo wáyà, ó wò mí. Kò bá mi wí. Ó ní iṣẹ́ yìí á gba àkókò díẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, a sì ń sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa pe òun bí bírékà kò tilẹ̀ já.

Owó kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Má fi ránṣẹ́ sí mi, fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́, kí ó fi wọkọ̀ wá sí Ore. Bí ọmọ kò bá ní jẹ́ kó lọ, kí ẹ jọ gbé ọmọ wá. Má sọ pé èmi ni mo ní kó wá. Sọ pé àwọn ará ìjọ ń béèrè rẹ̀. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn kò béèrè tó èmi.

Ọlọ́run yóò tọ́jú yín. Ariwo ọmọ kò ní tán nílé yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láoyè.