Kọ̀ǹpútà Tí Monínúọlá Yàn fún Akàn

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹta, 1999
Akàn rìn lónìí! Mọ́tò kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò àlòkù àti páànù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi kọ́ róbọ́ọ̀tì náà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fì sí—ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Akàn. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ńlá inú yàrá sáyẹ́ǹsì ló ń darí rẹ̀, ìyẹn ò sì ṣeé gbé lọ sí ìdíje róbọ́ọ̀tì tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká la nílò.

Ọjọ́rú, 10
Ọ̀gbẹ́ni Adélékè, ará Ìkirun tó ń ta kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní ká wá yan ọ̀kan, òun á yá wa di ìgbà tí ìdíje bá parí. Ọlọ́run ṣeun.

Àbámẹ́ta, 13
Méjì ló gbé síta. Ọ̀kan tuntun, pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ìkejì dúdú, ó ki bíi búlọ́ọ̀kù, etí rẹ̀ ti ha. Bàbá Agogo—ọ̀gá àgbà wa, tó fẹ́ràn láti máa lu agogo fúnra rẹ̀—ti nawọ́ sí tuntun: "Èyí ló yẹ ilé-ìwé wa!" Adésọjí, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kọ ètò tí Akàn ń tẹ̀lé, gbà pẹ̀lú rẹ̀. Tuntun yára ju ìkejì lọ.

Monínúọlá, ọmọ Ìgbẹ́mọ, olórí ẹgbẹ́, sún mọ́ tábìlì. Ó yí méjèèjì padà, ó wo ẹ̀yìn wọn. Ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, tuntun yìí ò ní ihò tí wáyà Akàn á wọ̀." Òótọ́ ni! Ihò gbọọrọ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń lò ni kò ní. Ó ní kí wọ́n tún yọ méjèèjì kúrò lára iná. Tuntun kú ká tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò wa tán. Dúdú ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù.

"Kò lẹ́wà," Bàbá Agogo ní.

"Uṣẹ́ la bá wá, sà."

Ọmọ kékeré yìí! Mi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi.

Ìṣẹ́gun, 16
Wáyà wọ̀. Akàn rìn. Mo jó.

Ẹtì, 26
Àkúrẹ́. Inú ń bí mi—àbí kò bí mi? Iná lọ láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ò dáhùn. Bátìrì nìkan ló kù fún kálukú. Ti àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ kú kó tó kàn wọ́n. Ẹ̀bùnọlá, olórí wọn, bú sẹ́kún. Kí n tó ṣẹ́jú, Monínúọlá ti gbé kọ̀ǹpútà wa fún un, kí wọ́n fi ètò tiwọn sí i.

Adésọjí di ọwọ́ Monínúọlá mú. Èmi náà pariwo: bátìrì wa ńkọ́?

"Á kù fún wa, Àǹtí."

Kò kù tó. Róbọ́ọ̀tì Ọ̀wọ̀ rìn dé òpin. Tiwa dúró síbi kọ́nà tó kẹ́yìn, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Àwọn ló ṣe ipò kìíní, àwa, ìkẹta. Nínú bọ́ọ̀sì, Adésọjí kọ̀ láti jókòó ti Monínúọlá. Inú ṣì ń bí èmi náà.

Ọjọ́ Ajé, 29
Mo pe Monínúọlá, mo bi í léèrè ìdí tó fi gbé kọ̀ǹpútà wa fún wọn. Ó wolẹ̀.

"Àǹtí, tiwọn náà mọ̀ ọ́n rìn. Bá a bá gba ipò kìíní lọ́wọ́ ẹni tí ò ráyè rìn, kí la gbà?"

 Adésọjí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó wọlé, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Monínúọlá, ó ní kó gbé Akàn wá kí àwọn jọ tún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ti ń mì ṣe.