Ẹyọ Kan Tí Dókítà Mú Nínú Mẹ́jọ

Ushafa,
Oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Fẹ̀yìntọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Káyọ̀dé ọkọ rẹ. Ẹni tó ń pa mí mọ́ níbí á pa ẹ̀yin náà mọ́ ní Utako, ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ara mi le, ọjà ń lọ, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bíi pé òun kì í ṣe tèmi.

Mo gba ìwé rẹ. O ní nítorí ohun tí ojú wa rí lórí Bámiṣayọ̀ ọmọ yín tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ mú lọ, dókítà ti mú irúgbìn tìrẹ àti ti ọkọ rẹ, ó sọ ọ́ di ọlẹ̀ nínú ìgò, ọlẹ̀ náà pín sí mẹ́jọ, dókítà wá mú ẹyọ kan lọ yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ náà sì dára. O ní ìyókù wà nínú yìnyín, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi í sínú rẹ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ ní o kò gbọdọ̀ gbà, pé ọmọ tí wọ́n ti bù lára kò lè pé, bóyá etí kan ni kò ní ní.

Sọ fún un pé Fẹ̀yìntọlá ní ìyá! Kó wá wo àwọn amọ̀kòkò Ushafa. Amọ̀ tí wọn ò tíì mọ, bù díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìkòkò á ṣì pé láti ẹnu dé ìdí. Ìgbà tó bá ní ẹnu tán tí o wá fọ́ ọ lẹ́nu, ìgbà yẹn ni ká sunkún. Ṣebí dókítà ní kò tíì sí èyí tó jẹ́ etí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì lè di ohunkóhun.

Àmọ́ ẹ̀yin alákọ̀wé kò rò ó dé ìdí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lè di ohunkóhun, ó lè di odindi ọmọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde, tí wọ́n rán lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dára, ta ló ń jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn bí kò ṣe Táyé? Kẹ́hìndé ló wà nínú yìnyín yẹn, orúkọ tí n ó pè é níwájú pásítọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in. Aṣọ ẹnì kan ni kí o rà o, Táyé kò ní wọ aṣọ.

Béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Èmi tí mò ń ta omi tútù mọ̀ pé bí NEPA bá mú iná lọ, yìnyín kì í dúró de ẹnì kan.

Fi owó ọkọ̀ rán Sùlàímọ́nù awakọ̀ sí mi, má fi í sínú fóònù, ihò tó wà lára tèmi kò gba náírà jáde. Ọjọ́rú ni mò ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà dókítà ni n ó jókòó sí, kí ìyá ọkọ rẹ wá gba orí mi kọjá.

Ọlọ́run tó fi amọ̀ mọ Ádámù kò ní ṣe tìrẹ ní àbọ̀. Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Táyé ti lọ, ó ti tọ́ ọ wò, ó ní ó dára. Kí ni Kẹ́hìndé tún ń dúró dè?

Èmi ni ìyá rẹ,
Modúpẹ́, ìyá àgbà ìbejì.