Àyà Márùn-ún Tí N Ò Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀gbọ́n mi Phebe,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀.

Kòtò góòlù wó lu ọkùnrin kan ní Itagunmodi lánàá, afẹ́fẹ́ sì há sí i láyà. Wọ́n gbé e wá sí ọsibítù wa, èmi nìkan sì ni dókítà tó wà níbẹ̀. Dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá mi ti buwọ́ lù ú nínú ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi pé mo ti ki rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde bọ àyà èèyàn márùn-ún. Irọ́ ni, mo kàn ń wòran ni. Nọ́ọ̀sì àgbà ló di ọwọ́ mi mú, tó gbé e síbi tó yẹ: "Dókítà, ibí ni." Mo ki rọ́bà náà wọlé, afẹ́fẹ́ sì tú jáde. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n ò lè wojú ẹ̀.

Ẹ gbàdúrà fún mi. Lọ́la, màá ní kí ọ̀gá fagi lé márùn-ún yẹn, kí wọ́n kọ ọ̀kan ṣoṣo ti àná, kí wọ́n sì fi orúkọ nọ́ọ̀sì sí i pé òun ló kọ́ mi.

Àbúrò yín,
Jùwọ́n