Àṣìtẹ̀ Rufus

Yẹmí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san díẹ̀díẹ̀.

Búlọ́ọ̀kùṣéènì, ìwé orí fóònù táwa àti oníbàárà jọ ń rí, tí o ní ká máa fi kọ ẹrù sílẹ̀, ti sú mi! Ní Erinje, Rufus awakọ̀ wa fẹ́ tẹ ogún àpò gààrí, ó ṣèèṣì tẹ igba. Mo ní kó pa á rẹ́.

"Mà, ohun tá a bá ti kọ síbẹ̀ kì í ṣeé pa rẹ́."

Oníbàárà rí igba lórí fóònù, ó rí ogún nínú mọ́tò, ló bá pe Rufus lólè lójú ọjà. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń wakọ̀ fún wa. Ó sunkún, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Ìwé ni mo padà sí. Ìwọ lo kọ́ Rufus ní nǹkan yìí. Jọ̀wọ́, pè é, kí o bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Olúwa á máa ṣọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Leah