Ohùn Tí Mo Gbé Wọ Lábù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ariwo inú etí yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ẹ̀yin àti Màmá nínú àlàáfíà. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ má bínú pé n kò pè yín. Kí ẹ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, gbogbo họ́sítẹ́lì yóò ti bá yín gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn ni wọ́n sì ti ń pè mí níbí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, alábòójútó lábù, yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé n kò wá síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, mo wá. Mo sọ fún un, kò gbójú sókè. Mo tún un sọ, ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí o jókòó sílé?" Ni mo bá lu tábìlì, mo jágbe mọ́ ọn, ìgò kan já bọ́, ó fọ́. Ǹ bá sọ pé ariwo ilé ìlagi yín ló kọ́ mi ní ohùn yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Inú ló bí mi. Ó fẹjọ́ sùn pé mo fẹ́ na òun, wọ́n sì lé mi kúrò ní lábù. Bí n kò bá parí iṣẹ́ ibẹ̀, ọdún yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Àná ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pè mí. Ìpẹ̀kun tábìlì gígùn kan ni wọ́n fi mí sí. Mo rọra sọ̀rọ̀, ìyá tó ṣe alága ní, "Sọ̀rọ̀ sókè, a ò gbọ́ ẹ." Mo gbóhùn sókè díẹ̀, alábòójútó ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí mo ń wí nìyẹn." Bàbá, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Mo wá rántí Màmá, tí kì í pariwo mọ́ yín, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń rìn wá síwájú yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àyè, mo dìde. Bí mo ti ń sún mọ́ alábòójútó, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rù mi ń bà á, ẹni tó tó bí mi lọ́mọ. Èmi tí ẹ̀rù gbogbo nǹkan ń bà. Mo jókòó sórí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo wá lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n jágbe mọ́ yín."

Alábòójútó fa àga rẹ̀ padà síbi tó wà. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n sọ báyìí, lo fi fẹ́ fọ́ mi létí?" Alága rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Wọ́n ní kí n lọ máa retí èsì.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ̀rọ má ṣe yín léṣe, kí ẹ pẹ́ jẹun ọmọ.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já.

Àfikún: Èsì jáde kí n tó lẹ ìwé yìí. Mo ti padà sí lábù, ṣùgbọ́n tábìlì tó kọjú sí ti alábòójútó ni wọ́n ní kí n máa lò. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n rántí mi nínú àdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló kù kí iṣẹ́ lábù tó parí.