Ohun Tí O Fi Ṣọ́ọ̀kì Kọ Sójú Igi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera. Ara tèmi le, ọkàn mi ló wúwo. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti sin ín. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ará èbúté tó rò ó fún ọ bó ṣe wù wọ́n.

O mọ̀ pé òun ló máa ń dúró lórí ọkọ̀ ojú omi, tí ń fọwọ́ júwe fún awakéréènì bí wọ́n bá ń já gẹdú. “Rọra!” tó ń ké ní gbogbo ìgbà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Rọra. Awakéréènì a ní, “Bàbá Rọra, ṣé ẹyin là ń já ni?” Òun a ní, “Ẹyin tó fọ́, wọ́n á ra òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?”

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tí ẹ̀yin kó igi sí ní èbúté tí o ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ló gúnlẹ̀. Òjò ti rọ̀ sí igi náà, ó ń yọ̀. Wọ́n tú ṣéènì tí wọ́n fi dì í. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ pé bí ṣéènì bá ti tú, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ igi títí wáyà kéréènì yóò fi mú un. Ṣùgbọ́n ó rí ìkíni tí o fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí i lójú ọ̀kan nínú àwọn igi náà, bí o ti máa ń ṣe. Awakéréènì ní ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó lóṣòó láti kà á. Ìtì igi tó wà lókè yí wálẹ̀ lé e lórí.

Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo pa á. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, má dá a lóhùn. Àárò rẹ ló ń sọ ọ́, ó sì gbàgbé ìkìlọ̀ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. N kò lè bínú sí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí èbúté. Lọ́rí ti kó igi yòókù lọ, èyí tí o kọ̀wé sí yẹn nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kò jẹ́ kó gbé. Mo kà á: “Bàbá Rọra, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ rọra o.” Awakéréènì na àkísà sí mi, pé bí mo bá fẹ́ kí n nù ún. N kò nù ún.

Kí Ọlọ́run tu ọ́ nínú. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó mú ọ padà wálé kí n tó pa ojú dé.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń retí rẹ.

Mo tún rántí: bí ẹ bá tún ń kó gẹdú, má ṣe dákẹ́. Kọ ìkíni rẹ sójú igi, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà. Awakéréènì ti ṣèlérí pé òun yóò máa dojú igi tí o bá kọ̀wé sí kọ ọ̀nà. Ẹ̀yìn géètì èbúté ni n ó ti máa kà á.